Wọ́n Wá Bẹ̀bẹ̀ fún Lọ́yà Ọmọ Mi

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹfà, nígbà tí wọ́n wọlé. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n: Tíṣà, àbúrò Tíṣà, àti Bàbá Ìjọ wa. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ìyàwó mi kú, àwọn ọmọ sì ti tú ká.

Mo mọ ohun tí wọ́n bá wá kí wọ́n tó jókòó. Ọmọ Tíṣà ni lọ́yà tó ba ẹjọ́ ọmọ mi jẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Mo gbé omi fún wọn. Wọn kò mu ún. Àbúrò Tíṣà bọ́ bàtà rẹ̀, ó sún tábìlì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú mi. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ.

"Ẹ dìde, sà."

"N ò ní í dìde. Bàbá Amẹ́ríkà, ibí ni n ó sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wá aṣọ ìbora fún mi."

Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ nínú ilé rẹ, nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ohun tó kù ni kí o ní o ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi kí ẹnikẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan. Wọn kò wá gbọ́ tẹnu mi. Wọ́n wá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Bíríkìlà ni mí títí mo fi lé ní ọgbọ̀n ọdún. Tíṣà ló kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, tí símẹ́ǹtì ṣì wà ní èékánná mi, títí mo fi yege ìwé mẹ́wàá. Ìwé yẹn ló gbé mi dé yàrá fáìlì níléeṣẹ́ ìjọba, níbi tí mo wà títí di òní. Nítorí náà, nígbà tí àkọ́bí mi obìnrin ń wá lọ́yà tí yóò bá a ṣe ẹjọ́ ìwé ìgbélùú, mi ò wá a jìnnà. Ọmọ Tíṣà wà níbẹ̀, iṣẹ́ yẹn gan-an ló sì ń ṣe. Mo ní ọmọ ẹni kò ní í ṣe wá ṣúkaṣùka.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ mi fẹ́ wálé. Lọ́yà ní bó bá fi lè jáde, ẹjọ́ ti dàrú. Kò wá. Orí fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe ń da erùpẹ̀ sórí pósí.

Lọ́yà wálé ní Kérésìmesì tó kọjá. Mo lọ kí i ní ilé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ mi fara hàn níwájú adájọ́. Lọ́yà ń jẹun. Ó ní, "Dádì, wọ́n ti sún ọjọ́ yẹn síwájú. Ẹ bá mi sọ fún un kó fọkàn balẹ̀, kó má wulẹ̀ lọ. Màá pè é." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pe ọmọ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọ mi béèrè pé, "Bàbá, ṣé ó fún yín ní ìwé kankan?"

Mo ní, "Ọmọ Tíṣà! Ta ni yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ Tíṣà?"

Ó ní òun á pè é fúnra òun. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó má dà bí ẹni pé a ò gbà á gbọ́. Èmi tí mo ti lo ogún ọdún nínú yàrá fáìlì. Bí ọ̀gá pátápátá bá fi ẹnu sọ pé kí n gbé fáìlì kan fún ẹnì kan, mo máa ń ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ mo gba ọ̀rọ̀ ẹnu lórí ọ̀ràn ọmọ tí mo bí.

Wọn kò sún ọjọ́ kankan. Ilé ẹjọ́ jókòó, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò sí níbẹ̀, lọ́yà náà kò sí níbẹ̀. Adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà. Ọmọ mi bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀ tó ti pé ọdún márùn-ún, òun nìkan ló sì ń tọ́ ọ. Oṣù kẹrin ni lẹ́tà tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó pe lọ́yà títí, kò gbé e. Nígbà tó gbé e, ó ní ọ̀nà ń bẹ, kó ní sùúrù.

Ọmọ mi lọ bá lọ́yà mìíràn, obìnrin. Ìyẹn sọ òótọ́ fún un. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí wọ́n bẹ adájọ́ pé kó tún ẹjọ́ náà ṣí, nítorí lọ́yà ló ṣì í lọ́nà. Ṣùgbọ́n adájọ́ yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ mi ti fi ẹjọ́ lọ́yà náà sun ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn lọ́yà wí. Bí kò bá tíì fi sùn, yóò dà bí ẹni pé irọ́ ló ń pa. Ẹni tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu lọ́yà gbọ́dọ̀ búra sí i. Èmi nìyẹn. Ìwé ìbúra náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ Àìkú yẹn.

Ọmọ mi ti kọ tirẹ̀. Ó ti fi tó ọmọ Tíṣà létí. Ìdí tí àwọn bàbá fi wá sílé mi nìyẹn.

Bàbá Ìjọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ló wí.

Mo ní, "Èmi àti ọmọ náà kì í ṣọ̀rẹ́, sà."

"Ọmọ rẹ ni. Bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, ọwọ́ kejì la fi ń fà á mọ́ra."

"Ẹ ò tíì nà án, ẹ ti ń fà á mọ́ra."

Àbúrò Tíṣà gbé orí sókè nílẹ̀ níbi tó wà. "Àbúrò, wọ́n lè gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀ o! Ìdílé wa tó báyìí, òun la gbójú lé. Ṣé o fẹ́ kó lọ máa fọ abọ́ ni?"

"Ọmọ mi ti fọ abọ́ níbẹ̀. Kò pa á."

Àbúrò Tíṣà fa fóònù yọ, ó pe lọ́yà, ó gbé e sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Lọ́yà ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Dádì, ẹ dákun. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi lásìkò yẹn. Ẹ jẹ́ kó yọwọ́ nínú ìwé tó kọ, màá bá a ṣe ẹjọ́ náà ní ọ̀fẹ́ títí dé òpin."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ti sún ọjọ́ síwájú?"

"Sà?"

"Ọjọ́ tí ò ń jẹun. Ta ló sọ fún ọ?"

Ó ní, "Mo rò pé ti ẹlòmíràn ni mo fi pe tirẹ̀, sà. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń sún nígbà yẹn."

"Ṣé o wo fáìlì rẹ̀?"

"Dádì, ilé ni mo wà, àwọn fáìlì wà ní—"

"Ṣé o wò ó nígbà tí o padà débẹ̀?"

Ó ní òun ti pẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo na ọwọ́, mo pa fóònù náà. Ìyàwó mi wà nínú ilẹ̀ láìjẹ́ pé àkọ́bí rẹ̀ rí ojú rẹ̀, nítorí ẹjọ́ tí ọkùnrin yìí kò ṣí fáìlì rẹ̀ wò.

Ó wá kan Tíṣà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ṣí fìlà, ó di apá àga mú, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Mo dìde kíá, mo dì í mú ní èjìká.

"Ẹ má ṣe é, Tíṣà. Bí ẹ bá kúnlẹ̀, n ó ṣì lọ sí kóòtù lọ́la. Ẹ ó kàn ti sọ mí di ẹlẹ́bi ni."

Bàbá Ìjọ ní, "Háà! O ti le jù."

Tíṣà jókòó padà. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé wàá kọ ọ́ pé ilé mi ló ti sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo wò ó pẹ̀lú. Ó jókòó sí apá ọ̀tún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì náà, ó ń tú ẹran jẹ. Mo ní, "Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ nígbà tó sọ pé kó má lọ?"

Àbúrò rẹ̀ fò dìde nílẹ̀. "Etí àgbàlagbà! Kí ló lè gbọ́? Rédíò ń ké—"

"Jókòó," ni Tíṣà wí fún un. Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Mo gbọ́."

Wọ́n dìde. Àbúrò Tíṣà wọ bàtà rẹ̀, ó ní ká má rí irú èmi mọ́. Mi ò sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí Tíṣà rí. Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi kọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo sì dé ilé ẹjọ́ gíga kí aago mẹ́jọ tó lù. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ojú ìwé méjì. Akọ̀wé kóòtù, obìnrin kan tó wọ awò ojú, ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń kà á sókè. Ó dé ibi oúnjẹ Kérésìmesì, ó dúró.

"Ṣé ẹlòmíràn wà níbẹ̀, sà?"

"Bàbá rẹ̀."

"Ṣé ó gbọ́?"

"Ó gbọ́. Ó sọ fún mi lánàá pé òun gbọ́."

"Ṣé kí n fi sí i?"

Mo ní kó fi sí i. Mo gbé Bíbélì lọ́wọ́, mo búra, mo fọwọ́ sí i. Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lágbègbè Fájuyì, wọ́n fi ẹ̀rọ yà á, wọ́n bá mi fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi àti sí lọ́yà rẹ̀ tuntun. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi fi hàn mí pé ó ti lọ. Mo ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan jáde fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́.