Ìṣísẹ̀ Méje Bàbá Mi

Òórùn èèpo ọsàn ló máa ń gba gbogbo àgbàlá wa ní Fìdítì nígbà ọyẹ́. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́dún yẹn, tí mò ń gé páálí tí mo fẹ́ fi ṣe táǹkì kékeré, ọkọ̀ ogun onírin àwọn sójà. Ọ̀rẹ́ mi, má rẹ́rìn-ín o. Télọ̀ ni mí. Bàbá mi ló wa táǹkì nígbà èwe wọn, ojú wọn sì ti ń ṣókùnkùn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè là á, ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀ jálẹ̀: "Kí ni mo tún fẹ́ rí láyé?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ní bóyá bí mo bá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù fún wọn, á wù wọ́n láti ríran.

Wọn ò mọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí táǹkì náà jẹ́. Ara wọn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: gígùn rẹ̀, ìṣísẹ̀ wọn méje, fífẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá na apá méjèèjì, gíga rẹ̀, orí wọn gan-an. Mo fa tépù yọ, mo wọ̀n wọ́n bí ẹni fẹ́ rán agbádá fún wọn, mo ní kí wọ́n rìn, mo wọn ìyẹn náà, mo wá sọ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan di ínǹṣì kan. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́, mo gbé e lé wọn lórí itan.

Wọ́n fọwọ́ pa á yíká. "Ṣé àpótí ìjókòó lo ṣe fún mi ni?"

"Bàbá, ìṣísẹ̀ yín méje náà ni mo lò."

"Ìṣísẹ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ rìn lánàá."

Wọ́n wá fi ọ̀pá wọn kan ẹsẹ̀ ara wọn. "Ẹsẹ̀ yìí ò wa táǹkì rí."

Háà! Ojú tì mí. Iṣẹ́ télọ̀ ló bà mí jẹ́: ara tó bá dúró níwájú mi lónìí ni mo mọ̀ ọ́n wọ̀n. Mo ti fi ìṣísẹ̀ arúgbó wọn ọkọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ìyá mi, tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bú sẹ́rìn-ín. "Baba wọn, ṣebí bí ẹ ṣe ga nígbà náà ni ọmọ yìí ga báyìí. Ẹ ní kó rìn ín." Òótọ́ ni. Òpó iná ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé, mo sì máa ń tẹ ẹ̀yìn ba nítorí ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo nàró ṣánṣán, mo rìn. Bàbá ń fi etí ka ìṣísẹ̀ mi: "Ó kéré! Gbé ẹsẹ̀ bíi sójà!" Ọlọ́kadà kan dúró lójú títì: "Àǹtí, kí lẹ sọ nù?" Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ ni ìṣísẹ̀ mi méje jẹ́. Táǹkì kejì sì gùn ní ínǹṣì mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀. Àkọ́kọ́ ò tó mẹ́sàn-án.

Ìka wọn gba orí rẹ̀ dé ẹnu ìbọn rẹ̀. "Òun nìyí. Àwọ̀ wo lo kùn ún?"

"Àwọ̀ ewé ni, Bàbá."

"Ewé wo? Ewé mà pọ̀."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ wo ni dókítà yẹn ní kí n wá?"

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún fún Bàbá, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, táǹkì ni Bàbá kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n wò ó títí. "Àwọ̀ yìí ò jọ ọ́ rárá. Tún un kùn." Mo bú sẹ́kún ayọ̀.

Mo ṣì ń ránṣọ fún àwọn àgbà. Bí mo bá ti wọ̀n wọ́n tán, mo máa ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ga tó nígbà èwe wọn. Ara wọn a yá gágá, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn wọn a sì nà díẹ̀. Èmi náà a wá tún wọn wọ̀n.