Iná Tí Kò Yẹ Ojú Ẹnikẹ́ni

Àbúrò mi ọkùnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-Mira. Òun náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ fa orúkọ yẹn. Láti ìgbà tó ti ń ya fọ́tò, ìyẹn nígbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀, "má mira" ló máa ń sọ kó tó tẹ kámẹ́rà, ì báà jẹ́ ìyàwó tuntun ló jókòó síwájú rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ń ké tòò. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nígbà tí gbogbo ayé ti di onífọ́tò tán lórí fóònù, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó sì kó gbogbo pàǹtí ibẹ̀ wá sínú ilé oníyàrá méjì tó ń dá gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Tí o bá wọ yàrá yẹn, rọra máa gbẹ́sẹ̀. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, páálí kámẹ́rà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ ńlá tó fi ń tẹ fọ́tò jáde sì dúró láàárín ilé bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Àwọn fọ́tò tí ń bẹ lára ògiri kò ṣeé kà: ìyàwó onílé kan tó ti kọ ọkọ sílẹ̀, àwọn ìbejì tó ti bímọ báyìí, ọkùnrin kan tí ẹnì kankan kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Fọ́tò màmá wa nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn kì í dé ṣọ́ọ̀bù o. Màmá wa ló máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un. Má-Mira á ní kí wọ́n jókòó kí òun yà wọ́n. Wọ́n á wo aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wọn, wọ́n á ní, "Jẹ́ kí n lọ wọ aṣọ gidi ná." Wọn kò wọ aṣọ gidi kankan padà wá títí wọ́n fi kú. Ẹni tó ya gbogbo àdúgbò kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn ún débi pé kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, àfi èmi.

Ata ni màmá wa fi sílẹ̀. Ata kéékèèké kan tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ bí ọwọ́ agbòòrùn, tó ń ta sánsán kó tó ta ènìyàn lẹ́nu. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló máa ń hù sí, n kò sì rí irú rẹ̀ lọ́jà rí. Nígbà tí a ta ilé náà, ẹni tó rà á da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ìwọ̀nba kóró tí mo ti sá pa mọ́ sínú ọ̀rá ló kù láyé, mo sì kó wọn fún Má-Mira torí pé ọwọ́ mi kò bá ohun ọ̀gbìn mu. Òdòdó oníke gan-an lè kú mọ́ mi lọ́wọ́. Òun ní fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, ó sì ní sùúrù tí wọ́n fi ń dúró de ọmọ tó ń sunkún kó rẹ́rìn-ín.

Ó gbin gbogbo kóró náà, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Wọ́n hù, inú wa dùn. Àfi bí ará ilé kejì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ lọ sókè. Kó tó mọ̀ ọ́n tán, Má-Mira lè na ọwọ́ láti ojú fèrèsé kó fi gbá búlọ́ọ̀kù létí. Yàrá ṣú dùdù. Ata bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun ló sọ fún un lórí fóònù pé iná LED kan wà tí wọ́n fi ń gbin nǹkan sínú ilé, kó lọ rà á kíákíá. Bí àwa méjèèjì ṣe gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníná nìyẹn.

Obìnrin kan tó sanra, tí gbogbo iná inú ṣọ́ọ̀bù ń tàn sí lórí, ló gbé iná mẹ́ta síwájú wa. Ìkínní jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ tí gílóòbù wẹ́wẹ́ pupa àti búlúù kún ojú rẹ̀, tó ń tàn ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ìkejì funfun. Ìkẹta rí roboto, ó ní ẹsẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń dojú kọ tí wọ́n bá fẹ́ fi fóònù ya fídíò ara wọn.

Má-Mira kò wo páálí kankan. Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ gbé ojú yín sábẹ́ èyí."

Mo gbé ojú sábẹ́ elésè àlùkò.

"Ẹ má bínú o," ló wí. "Ẹ dà bí ẹni tó ti kú tí wọn ò tíì sọ fún."

"Bàbá," oníná dá sí i, "ṣebí ata lẹ ní ẹ fẹ́ gbìn? Kì í ṣe màmá yìí."

"Ọmọ mi, iná kan ò yàtọ̀ sí iná. Inú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ni mo ti lo ayé mi. Iná pupa la máa ń tàn níbẹ̀, torí bébà fọ́tò ò mọ̀ pé ó wà. O lè tẹ́ bébà sábẹ́ ẹ̀ kóo lọ jẹun kóo padà dé, nǹkan kan ò ní ṣe é. Iná tí ò lè ṣe bébà ní nǹkan, kí ló fẹ́ ṣe fún ata?"

Obìnrin náà gbé páálí súnmọ́ ojú. "Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé ewé fẹ́ràn pupa."

"Ta ló béèrè lọ́wọ́ ewé?"

Oníná gbé páálí sílẹ̀, ó sì lọ dá ẹlòmíràn lóhùn. Má-Mira mú èyí tó rí roboto. N kò bá a jiyàn, torí mo ti wo dígí nígbà tí ojú mi wà nínú iná náà, mo sì rẹwà.

Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ó to àwọn ike ata sórí tábìlì, ó ta aṣọ funfun sẹ́yìn wọn. Ó gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, lọ́nà jíjìn, níbi tó máa ń gbé e sí fún ìyàwó tuntun, ó tún fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ojú iná náà kó má baà le koko. Ó ń yí ike sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì. Ó kù díẹ̀ kó ní kí ata gbé àgbọ̀n sókè. Tó bá sì ti dìde níbẹ̀, á pa iná, bó ṣe máa ń pa á nígbà tí oníbàárà bá ti lọ.

Kò pẹ́ tó pè mí lórí fóònù. "Wọ́n ti ga o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá wò ó."

Lóòótọ́ ni wọ́n ga. Wọ́n ga bí òwú ìránṣọ ṣe gùn. Ara wọn funfun, ewé wọn ò ju èékánná lọ, gbogbo wọn sì na ọrùn sí ọ̀nà ibi tí iná wà bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Mo sọ fún un pé gíga yìí kì í ṣe ti àlàáfíà. Ó ní n kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo tún máa padà débẹ̀, wọ́n ti ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì dúró, òun náà sì ti fẹ̀yìn ti igi ìṣáná.

Inú bí mi gan-an. N kò lè pa á mọ́ra.

"O ti pa ata màmá," mo wí. "Ohun kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀, ìwọ ò ríbi gbé e sí ju ṣọ́ọ̀bù fọ́tò lọ. Fọ́tò wọn, o ò rí i yà. Ata wọn, o fi fọ́tò pa á."

Mo bínú yíjú láti jáde, èjìká mi sì gbá ẹ̀rọ ńlá àárín ilé yẹn. Orí rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ lára òpó, ó dúró gbáà. Mo rò pé yóò kígbe lé mi lórí. Ṣùgbọ́n ṣe ló ń wo ẹ̀rọ náà, ó wò ó títí tí ara mi kò fi gbà á mọ́.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé iná wà ní orí rẹ̀ lókè, bébà wà nísàlẹ̀. Tí o bá gbé orí sókè, àwòrán á fẹ̀, ṣùgbọ́n iná á di aláìlágbára, o sì ní láti fi bébà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó mú àwòrán. Tí o bá sọ ọ́ kalẹ̀, kíákíá ni. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń gbé orí yìí sókè, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀.

"Mo ti fi ata ṣe oníbàárà," ló wí níkẹyìn. "Bébà ni."

"Kí ni bébà?"

"Ata yẹn. Kò wá ya fọ́tò. Òun gan-an ni iná ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀. Mo gbé iná jìnnà, mo tún fi aṣọ bò ó, mo tún ń pa á. Tó bá jẹ́ bébà ni mo ṣe báyìí, funfun báláú ló máa jáde."

"Pupa tóo ní kò wúlò ńkọ́?"

Ó wúkọ́. "Bébà ni ò rí pupa. Bóyá ata ń rí i."

"Ta ló béèrè lọ́wọ́ ewé?" ni mo wí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ mi lẹ́nu.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù. Oníná kò rẹ́rìn-ín nígbà tó rí wa, ìyẹn sì burú ju kó rẹ́rìn-ín lọ. Má-Mira kí i bí ẹni tó ń kí àna. A gbé elésè àlùkò délé. Ó tú orí ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò, ó fi wáyà de pátákó iná náà mọ́ ọn ní ipò rẹ̀, ó sì gbé ata tó kù sí ibi tí bébà máa ń wà. Ó wá rọra sọ iná kalẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo bó ṣe gbóná sí, títí tó fi sún mọ́ ewé dáadáa. Láti àárọ̀ títí yóò fi jẹun alẹ́ tán, kì í pa á mọ́.

Ìgbà náà ni wàhálà àdúgbò dé. Iná náà gbá ògiri tuntun ẹ̀gbẹ́ ilé, ó sì padà sínú ilé ìdáná gbogbo èèyàn. Àwọn ọkùnrin méjì gun òkè wá, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní bíà tó tutù. Obìnrin ìsàlẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní tó bá jẹ́ pé obìnrin ni àbúrò mi ń wá, kó fẹ́ ìyàwó bí ọmọlúàbí, kó yéé tan irú iná báyìí. Mo ní ata ló ń fẹ́. Ó wò mí tàánútàánú.

Ata gbọ́ tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ ki, ó so ewé lé ewé, gbogbo rẹ̀ sì dúdú kirimú nínú iná yẹn, débi pé ẹnu ọ̀nà ni Má-Mira ń gbé e lọ kó lè rí àwọ̀ rẹ̀ gan-an. Nígbà tó yọ òdòdó, kò sí oyin kankan tó lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá bá a. Àbúrò mi lọ wá búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó fi máa ń pa àbààwọ́n rẹ́ lójú àwọn ìyàwó tuntun nínú fọ́tò, ó kúnlẹ̀, ó sì ń fi tọ́ inú òdòdó kan dé inú èkejì. Bàbá arúgbó onígò ojú, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣeré lára òdòdó. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó.

Lọ́jọ́ tí èso àkọ́kọ́ pọ́n, ó ní kí n máa bọ̀ kíá. Aṣọ ilé tí epo ti ta sí láyà ló wà lọ́rùn mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde. Ìdí èso náà tẹ̀ bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀. Ó fi abẹ là á, ó gbọn kóró rẹ̀ sórí bébà fọ́tò àtijọ́ kan, ó sì pín èso náà sí méjì fún èmi àti òun. Òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ dé. Mo rí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo rí ọwọ́ màmá wa tí wọ́n fi ń já a. Lẹ́yìn náà ló ta.

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ata ni. Irọ́ ni mo pa, àárò ìyá mi ló ń sọ mí, àárò náà sì pọ̀.

Má-Mira ń wò mí nínú iná burúkú yẹn. Ó dìde, ó wá kámẹ́rà rẹ̀ jáde látinú páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ jọ màmá," ló wí. "Ẹ má mira."

Mo wo epo tó wà láyà aṣọ mi. "Jẹ́ kí n lọ wọ aṣọ gidi ná."

A jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde. Mo ti dìde tán, àpò mi ti wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi lọ fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ ò ní lọ síbì kankan," ló wí.

Mo gbé àpò sílẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata, nínú iná tí kò yẹ ojú ẹnikẹ́ni, n kò sì mira.