Orúnkún Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà èwe wa, kọ́bọ̀ kan la fi ń ra òkòtó. Lónìí, owó kẹ́ńdámà, ohun ìṣeré onígi àwọn ará Jàpáànù, ju owó oṣù tí mo kọ́kọ́ gbà nígbà tí mo jáde ní yunifásítì lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló mú tèmi bọ̀ láti Àbíjàn, nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún mi tí n kò lè di ṣíbí mú mọ́. Okùn ló so bọ́ọ̀lù mọ́ ife rẹ̀. Èèyàn á jù ú sókè, á fi ife gbà á. Èmi dúró bí òpó, bọ́ọ̀lù ń gbá mi níka.

Obìnrin yìí kì í pe orúkọ mi, àràárọ̀ ló sì ń kúnlẹ̀ kí mi, torí ọmọ ilé ọkọ ni mí.

"Ọkọ mi, ẹ má fọwọ́ lé e kiri. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀ bó bá ti ń bọ̀. Ẹ ò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni rí, ìyẹn ló ń dà yín láàmú."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀. "O ti gbọ́. Kúnlẹ̀ fún un."

Mo tẹ orúnkún. Bọ́ọ̀lù bọ́ sínú ife, ìyàwó wa sì fi Faransé yìn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, ìyàwó rẹ̀ náà ti tẹ̀lé e. Nínú àwa mẹ́ta, èmi nìkan ló kù, mo sì ń fọwọ́ ọ̀tún jẹun.