Ọ̀rọ̀ Tí Mo Ń Fi Ránṣẹ́ Sábẹ́ Òkun

Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí nínú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ni ọmọbìnrin mi ń bójú tó. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tí èèyàn bá bi mí léèrè iṣẹ́ àkọ́bí mi. Ọkọ̀ náà máa ń wà lábẹ́ òkun fún ọ̀pọ̀ oṣù láìyọjú. Kò ní fèrèsé, kò sí fóònù níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń fọ afẹ́fẹ́ kí ó tó ṣeé mí. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ yẹn. Àwọn kan a ní, "Ọmọbìnrin kẹ̀?" Èmi a ní, "Ọmọbìnrin ni."

Dagenham níbí, ní ìlú London, la bí i sí, nínú ilé tí a ṣì ń gbé nítòsí Valence Park. Bàbá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Èmi ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ilé ìtajà ńlá Vicarage Field, mo sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé èmi ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tó kù díẹ̀ kó tún lọ, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tó ní, "Dádì, Mọ́mì, mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ. Wọ́n máa ń bi wá ká tó wọ ọkọ̀ pé, tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ nílé, ṣé kí wọ́n sọ fún wa lábẹ́ omi, àbí kí wọ́n dúró títí a ó fi dé. Mo ti ní kí wọ́n dúró."

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. "Tó bá jẹ́ èmi ńkọ́? Tó bá jẹ́ bàbá ẹ?"

"Ẹni yòówù kó jẹ́, Mọ́mì. Ọkọ̀ ò ní yí padà torí mi, kò sì síbi tí mo lè gbà jáde. Màá kàn máa sunkún nídìí ẹ̀rọ ni. Àwọn tó kù sì gbọ́dọ̀ mí."

Inú bí mi. Mo ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, pé kí ilé máa jó kí ọmọ ilé má mọ̀. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ kàn mi orí. "Ẹni tó bá ń wakọ̀," ló wí, "iwájú ló ń wò." Ni àwọn méjèèjì bá ń jẹun wọn lọ bí ẹni pé mi ò sọ nǹkan kan.

Ó lọ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà wá láyè láti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, kò lè tó ojú ìwé kan. Òun ò lè fèsì, torí ọkọ̀ náà ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tó wà. Èdè Òyìnbó ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí àwọn kan ní iléeṣẹ́ ọmọ ogun máa ń kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tó bá lè dà á lọ́kàn rú, wọn ò ní jẹ́ kó kọjá.

Ó ti lọ tó bí oṣù kan nígbà tó ṣẹlẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni. Ọkọ mi ń gé koríko lẹ́yìnkùlé, èmi ń bó ẹ̀wà ní kíṣìnì. Mo ṣàdédé gbọ́ tí ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko dákẹ́. Nígbà tí mo yọjú, ó ti jókòó sílẹ̀, ó di àyà mú, òógùn sì bo ojú rẹ̀. Mo pe ámbúláǹsì. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán ní ọsibítù, wọ́n ní àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ ti dí, àfi kí wọ́n la àyà rẹ̀.

Ó di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún un."

"Mi ò tíì ronú kàn án."

"Irọ́ ni. Mo mọ̀ ẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti wá nọ́ńbà ọkùnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí àwọn ọmọ ogun jáde lójú fóònù mi. Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pè é, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní ohun tí ọmọ mi fẹ́ wà lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn, tó bá gúnlẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún un. Ó wá bi mí bóyá nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ṣe. Mo wo ọkọ mi láti ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ro ti àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó wà nínú irin lábẹ́ òkun, tí ọmọ mi ń ṣọ́ èémí wọn. Mo ní, "Bó ṣe wí náà ni kí ẹ ṣe." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ara mi balẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ti mọ iṣẹ́ tó kàn mí.

Ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn ló wá kù. Mo pinnu pé mi ò ní pa irọ́ kankan fún un. Mo kọ ọ́ pé tòmátì ti ń pọ́n, pé obìnrin kan dá bàtà tó ti wọ̀ lọ òde ìgbéyàwó padà fún wa, tó ní òun ò wọ̀ ọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì ṣì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà náà. Kí n tó kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ kí i, mo padà lọ sí ọsibítù, mo ní, "Ẹ kí ọmọ yín." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kí i. Mo wá kọ ọ́.

Ìyá ìjọ wa gbọ́, ó gbé kúlà ọbẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì wá láti Barking. Àgbàlagbà ni, ọmọ Èkìtì, kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. "O ò ṣe dáadáa," ó wí. "Àkọ́bí ni. Sọ fún un."

"Mà, òun ló sọ pé kí wọ́n má sọ fún òun."

Ó mí kanlẹ̀, ó ní ká kúnlẹ̀. Ó gbàdúrà kíkan pé kí Ọlọ́run tó yọ wòlíì nínú ikùn ẹja yọ ọmọ mi náà. Mo ṣe àmín. Nígbà tí a dìde, mo ní, "Ẹ má bínú mà. Wòlíì yẹn sá fún iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Ọmọ tèmi ò sá, ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ló wà. Ẹ bá mi gbà á pé kó ṣe é yọrí."

Ó wò mí títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ká tún un gbà." A tún kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò dá mi lẹ́bi mọ́, ọbẹ̀ rẹ̀ ò sì wọ́n nílé wa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n la àyà ọkọ mi, mi ò lè gbé ojú kan. Mo jókòó, mo dìde, mo ra tíì tí mi ò mu. Nígbà tí dókítà jáde tó ní ó ti yọrí, ògiri ni mo gbá mú. Lẹ́yìn ìyẹn ló di pé kó kọ́ ìrìn: láti bẹ́ẹ̀dì dé ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn dé géètì, títí ó fi ń rìn dé ẹnu ọ̀nà páàkì tó sì ń bá àwọn ajá ẹni ẹlẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà nígbà tí fóònù mi dún.

"Mọ́mì." Ọmọ mi ni. "A ti gúnlẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi."

"Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé ara rẹ̀ ti yá?"

"Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Mo ti pè é, ó tiẹ̀ ń bá mi ṣàwàdà." Ohùn rẹ̀ wá yí padà. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ dá gbogbo ẹ̀ ṣe?"

Ìgbà yẹn ló wá sunkún. Mo ti múra sílẹ̀ pé bàbá rẹ̀ ló máa sunkún fún, mi ò mọ̀ pé èmi ni. Mo ní, "Mi ò dá nìkan wà. Ìjọ wà. Ìwọ náà wà níbi tó yẹ kó o wà. Sunkún tán, kó o wá máa bọ̀ nílé."

Nígbà tó dé, bàbá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó tiẹ̀ fẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tú bọ́tìnnì rẹ̀, ó fi ojú ọgbẹ́ hàn án. "Wò ó, wọ́n rán an dáadáa ju gbogbo aṣọ tí ìyá ẹ rán rí lọ." Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ ṣí gbogbo fèrèsé òkè àti ìsàlẹ̀, òtútù tàbí kò sí òtútù, ó sì sùn bí ọmọ ọwọ́.

Kí ó tó padà, ó bi mí ní kíṣìnì pé, "Mọ́mì, tí wọ́n bá tún bi mí, kí ni kí n sọ?"

Mi ò dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró. Mo ní, "Ní kí wọ́n dúró. Àwa wà níbí."

A sìn ín lọ sí Euston kó lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Scotland, níbi tí ọkọ̀ abẹ́ omi wọn ń gúnlẹ̀ sí. Bí a ṣe ń bọ̀, ní ibùdókọ̀ ojú irin àdúgbò wa, ọkọ mi kọ̀, kò gba ẹ̀rọ agbéniròkè, àtẹ̀gùn ló fẹ́ gùn. A rọra gùn ún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, èmi náà ń mí. Nígbà tí a dé òkè, ó ní ebi ń pa òun.