Mẹ́rin Dé Ilé Onígbàjámọ̀

Lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ mú ajá náà wọ àdúgbò, àkàbà làwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé ó gbé bọ̀. Ajá ọ̀hún ga, ó tín-ín-rín, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà láti òdìkejì títì. Ó sì gùn débi pé tí imú rẹ̀ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́sàn-án, ìrù rẹ̀ á dé ní aago mẹ́wàá. Ajá ìje ni. Ọdún mẹ́ta ló fi sáré lórí pápá kí wọ́n tó ní ó ti dàgbà jù, tí wọ́n sì mú un lọ sílé àwọn ajá tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nọ́ńbà ara ẹ̀wù eré rẹ̀ ló di orúkọ rẹ̀: Mẹ́rin.

"Mẹ́rin?" ni oníbàárà kan wí. "Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

"Ó ti fi wọ́n sẹ́yìn. Wọ́n ṣì ń bọ̀."

Onígbàjámọ̀ kò níyàwó mọ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti lọ sílé ọkọ. Nínú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, rédíò nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀, rédíò kì í sì í jẹ́ kóun náà fèsì. Ìdí nìyẹn tó fi wù ú kí ajá yìí dúró. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ajá náà ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Ọ̀sẹ̀ méjì. Mo máa wá wò ó. Tí ara rẹ̀ ò bá tíì balẹ̀, mo máa mú un padà."

Ara ta ló fẹ́ balẹ̀? Ajá náà kò rí àtẹ̀gùn rí láyé rẹ̀. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó fẹsẹ̀ rìn dé ojú ọ̀run. Onígbàjámọ̀ ní láti gbé e. Nígbà tí wọ́n fi dókè, ọ̀kan nínú wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ, kì í sì í ṣe ajá.

Tó bá tún sùn, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ gbàgà. Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀ gbà pé ó ti kú. Ó sáré pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé nílé kejì, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n tẹ etí mọ́ àyà ajá, ajá lá a lójú.

"Àbúrò, òkú rẹ ń lá mi lójú o."

"Ó lajú sílẹ̀ ló ń sùn, Àǹtí! Irú kí leléyìí?"

"Báyìí nìwọ náà ń ṣe níbi ìpàdé àdúgbò, a ò sì tíì sin ọ́."

Ṣùgbọ́n èyí tó da orí rẹ̀ rú pátápátá ni ti ṣọ́ọ̀bù. Ajá á sùn jẹ́jẹ́ lábẹ́ dígí bí aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀. Lójijì, láìsí ológbò, láìsí ìjì, á fò dìde, á yí ṣọ́ọ̀bù po lẹ́ẹ̀mẹfà kéèyàn tó ṣẹ́jú, á da àga, á da omi, á fi ìrù gbá ìpara nù. Lẹ́yìn náà á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wò yíká bí ẹni tó ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni ò fi pa mọ́.

Onígbàjámọ̀ ní ariwo klípà ni. Ó kó klípà pa mọ́, ó fi sísọ́ọ̀sì gẹ irun ní gbogbo ọjọ́ títí ìka rẹ̀ fi wú. Ajá ṣì sáré. Ó ní dígí ni. Ó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò ó, oníbàárà kan sì délé kó tó mọ̀ pé irun apá òsì òun ò kúrò níbi tó wà. Ajá ṣì sáré. Ó wá ní ajá náà kò fẹ́ràn apárí, ló bá ti apárí kan síta.

"Kí tiẹ̀ ni apárí ń wá lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀?" ló bi í.

"Irùngbọ̀n tèmi ńkọ́? Àbí ajá yín ti gbẹ́sẹ̀ lé ìyẹn náà?"

Lókè, bákan náà ni. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á fi ohùn oyin pè é pé, "Ó yá, Mẹ́rin, wá jẹun!" Mẹ́rin á bẹ́ bí ọta ìbọn, á yí bẹ́ẹ̀dì po, kò sì ní fẹnu kan oúnjẹ títí ọ̀gá rẹ̀ á fi jáde. Onígbàjámọ̀ á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á fọwọ́ lẹ́rán. Ṣé oúnjẹ lajá ń sá fún, àbí òun?

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Obìnrin náà dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Mẹ́rin sùn kalẹ̀, oníbàárà mẹ́ta jókòó, ẹ̀gbọ́n náà wá ṣẹlẹ́rìí.

"Háà, ara rẹ̀ ti balẹ̀," ni obìnrin náà wí.

Inú onígbàjámọ̀ dùn, ó fẹ́ ṣe fáàrí. "Ó yá, Mẹ́rin, wá kí—"

Nígbà tí eruku fi rọlẹ̀, oníbàárà kan ti wà lórí tábìlì, obìnrin náà sì jókòó sílẹ̀, ìwé rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kó wá kí yín."

"Ṣáájú ìyẹn."

"Mi ò sọ nǹkan kan ṣáájú ìyẹn. Ó yá ni mo—"

Ajá tún gbéra.

Obìnrin náà di ẹsẹ̀ àga mú. "Ọ̀rọ̀ yẹn ni! Lórí pápá, ohun tí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn àpótí tí wọ́n ti ń gbéra máa ń pariwo nìyẹn. Tó bá ti gbọ́ ọ, ó yẹ kó máa lé ehoro ayédèrú tó ń sá níwájú wọn lọ. Ehoro náà ni ò rí."

Ẹnu onígbàjámọ̀ là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń jí, òun ló fi ń jẹun, òun ló fi ń pe oníbàárà, òun ló fi ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ta ló lè la ọjọ́ kan já láìsọ ọ́?

"Mi ò lè fi í síbi tí wọ́n á ti máa tú u sílẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́," lobìnrin náà wí. "Ẹ gẹ irun àwọn mẹ́ta yìí lójú mi. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, èmi àti Mẹ́rin ń lọ."

Òógùn bò ó. Ó kọjú sí ẹni àkọ́kọ́. "Ó... ó kàn yín, sà." Ó kọjú sí ìkejì. "Ó... ó jọ pé ìwọ ni." Ìkẹta, tíṣà kan tí ara ń kán, ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: "Ọ̀gá, mo ń pẹ́ o, ó y—"

Ẹ̀gbọ́n ti ki táwẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Tíṣà, a ti jáde nílé ìwé."

Mẹ́rin ò mira. Obìnrin náà fọwọ́ síwèé, ó kí wọn, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́, onígbàjámọ̀ gbé abọ́ ajá dání, ó la ẹnu, kò bá ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ó wo òrùlé, ó wo abọ́. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ... ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹun."

"Ajá lò ń pè ní 'ẹ'?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í. "Ó kù kó o kúnlẹ̀ fún un."

"Àǹtí, kí ni kí n wá wí?"

Mẹ́rin dìde ní tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó jẹun lójú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó wá gbé gbogbo ara rẹ̀ ti ẹsẹ̀ onígbàjámọ̀, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, ó mí kanlẹ̀.

"Kí ló dé tó fi ń gbé ara lé mi báyìí? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀, ó di ẹnu mú, ó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n Mẹ́rin ò gbéra.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo àwọn méjèèjì, ó bọ́ síta, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Onígbàjámọ̀ kò mọ̀ bóyá kó jókòó ni, àbí kó dúró. Ó dúró.