Ọmọ Tó Di Kọ́kọ́rọ́ Mú Nínú Òjò

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin ra sídì kan bọ̀ láti Kawo. Fíìmù káàtúùnù ni. Kò sẹ́ni tó mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é, nítorí wọ́n ti yọ ohùn àwọn tó ni ín kúrò, wọ́n sì ti fi èdè Hausa rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ́dọ̀ wa ní Kaduna nìyẹn. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ, òun ni yóò sọ̀rọ̀ bí ọkọ, òun ni yóò sọ̀rọ̀ bí ìyàwó, òun náà ni yóò ké bí ewúrẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dun òun alára, yóò dá sí i. Mo ti gbọ́ ọ rí níbi tó ti ń bá ọ̀daràn inú fíìmù wí pé kò bẹ̀rù Ọlọ́run, tí ọ̀daràn náà sì ń bẹ̀bẹ̀.

Ìdílé kan tó ń gbé lórí òkè ni fíìmù yìí dá lé. Oníkálukú wọn ló ní agbára tirẹ̀. Ọ̀kan lè pe òjò, ọ̀kan ń gbé àpáta bí ẹni gbé ìrọ̀rí, ọ̀kan gbọ́ èdè ẹranko. Ọmọ tó kéré jù nìkan ni kò ní nǹkan kan, àfi ojú ńlá méjì. Àbúrò bàbá wọn ni aríran ilé, inú abọ́ omi ló ti máa ń rí ohun tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wo inú omi, ojú rẹ̀ di funfun, ó ní: "Mo rí ọmọ tó kéré jù. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Gbogbo yín wà níta nínú òjò."

Àwòrán náà sì hàn nínú omi bó ṣe wí. Ọkùnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ wá fi ohùn ara rẹ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ríjà rẹ̀. Apá kìíní parí síbẹ̀. A wo inú páálí sídì náà títí, kò sí apá kejì.

Èmi àti ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, a lọ jẹun. Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì sọ fún mi ní Hausa pé òun kò ní mú un mọ́. Mo fi Yorùbá bi í pé kí ló dé, ó fi Hausa dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni òun fẹ́, mo wá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe máa ń jiyàn nílé wa nìyẹn, èdè mẹ́ta, kò sì sí èyí tí mo fi ń borí. Ó ṣáà ń sọ pé òun kò ní jẹ́ ọmọ inú òjò yẹn.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe eré. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Hayin Banki, ó sì ti ń gbàgbé nǹkan. Nígbà kan ó jáde nílé láìwọ bàtà, inú ọkọ̀ Ilọrin ní gáréèjì Kawo la ti bá a, ó ń bá dírẹ́bà jà pé kí ló dé tí ọkọ̀ kò tíì gbéra, òun fẹ́ tètè dé ìlú wa, Ọ̀fà. Láti ìgbà náà ni èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fẹnu kò pé kí a máa tilẹ̀kùn bí a bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ mi ló máa ń kọ́kọ́ dé láti ilé-ìwé. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń bu oúnjẹ inú fúláàsì fún ìyá àgbà, òun ló ń bá a ṣeré títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé nírọ̀lẹ́. A gbìyànjú kí a fún obìnrin ará Hausa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní kọ́kọ́rọ́ náà, ṣùgbọ́n Màmá kọ oúnjẹ rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọjọ́ tí a kó dé àdúgbò náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣọ̀rẹ́. Bí ọmọ kò bá wá gba kọ́kọ́rọ́, ebi ni yóò máa pa ìyá mi mọ́lé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Mo pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi wá sílé. Kí n tó fi ìdílé orí òkè yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ó yẹ kí n sọ pé kò sẹ́ni tí kò ní agbára nínú ìdílé tiwa náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Makera títí wọ́n fi tì í pa. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọlọ́run pè é, ó sì ń ríran láti ìgbà náà, pàápàá nípa ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alhaja, ń gbé ní Malali, níbi tí géètì ilé ọkọ rẹ̀ ti ga ju ilé wa lọ. Àlá ni tirẹ̀. Ohunkóhun tó bá lá ló ń ṣẹ, bí o bá ti jẹ́ kó ṣẹ tán kí o tó bi í. Agbára tèmi ni oyè yunifásítì kejì nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀. Mo lè ka ojú ìwé kan kí n sì fi dá ọ lójú pé ohun tó sọ kọ́ ló ní lọ́kàn. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń san owó oṣù mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kọ́kọ́rọ́ náà dúró fún àṣẹ. Ọmọ náà yóò di ẹni ńlá nínú ìjọba, àwọn tó wà níta ni ọ̀tá ìlọsíwájú rẹ̀. Ìyàwó mi bi í pé ṣé kì í ṣe bàbá àti ìyá ọmọ ló wà níta ni. Ó ní inú ilé ni ọ̀tá ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì wo Alhaja.

Alhaja ní àánú ni òjò, ọmọ náà kó wọn síta kí àánú lè rọ̀ lé wọn lórí ni, nítorí náà kí a fi àkàrà kósé àti ohun mímu kunu ṣe sàárà fún àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò. Ó ní òun ti lá irú rẹ̀ rí. Èmi ní tèmi ṣàlàyé fún wọn pé àsọtẹ́lẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kan pàtó, pé ẹni tó ń gbọ́ ọ ló ń fún un ní ìtumọ̀. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé ẹni tó ń gbọ́ ọ yẹn ni yóò máa wálé wá bu oúnjẹ fún Màmá lọ́sàn-án.

Mo pinnu láti wá apá kejì fíìmù náà. Ẹni tó ta sídì fún wa júwe ibi tí ògbufọ̀ náà wà fún mi, yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Wọ́n ti fi tìmùtìmù àtijọ́ bo ara ògiri rẹ̀ kí ariwo má baà wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù ló jókòó síbẹ̀, n kò sì lè gbà pé inú ọ̀fun rẹ̀ ni gbogbo ìdílé yẹn ti jáde. Mo sọ fún un pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí, kí ó lè mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Farfesa, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Hausa, ìtìjú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi.

Ó ní kò sí apá kejì. Ibi tí èyí tó tẹ òun lọ́wọ́ parí sí nìyẹn. Mo ní kò burú, kí ni aríran yẹn gan-an sọ ní èdè tirẹ̀? Ó ní òun kò mọ̀.

"Farfesa, n kò gbọ́ èdè wọn. Ojú wọn ni mò ń wò. Mo rí ọmọ, mo rí kọ́kọ́rọ́, mo rí òjò, mo sì sọ ohun tí mo rí."

Mo jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni àwa ń túmọ̀. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ní ọ̀rọ̀ náà ń dun òun láti ìgbà tí òun ti ṣe é. Ó bi mí, "Ọmọ dáadáa ni ọmọ yẹn, àbí?" Mo ní n kò mọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo rò pé mo ti rí ojútùú. Mo ṣàlàyé fún ọmọ mi pé kò sẹ́ni tó sọ àsọtẹ́lẹ̀ kankan, ọkùnrin kan ló wo àwòrán tó sì sọ ohun tó wù ú. Ó ronú díẹ̀, ó bi mí bóyá irọ́ ni àwòrán náà. Mo ní rárá, àwòrán náà kì í ṣe irọ́. Ó ní tò, ó dára nìyẹn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lórí tábìlì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi àti ìyàwó mi ń yọ́ kúrò níbi iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀gá wa sì ti ń wò wá bákan.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wá kí a lè parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti tún ríran, wọ́n sì ti tún lálàá. Àárín ariwo ni Màmá ti jáde láti yàrá, ó jókòó ti ọmọ mi lórí ẹní, ó béèrè ohun tí a ń jà sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kò lè yé Màmá.

"Ìwọ ni kò yé," ni Màmá wí. Ó kọjú sí ọmọ mi. "Ìyá mi, sọ ọ́ fún mi."

Ọmọ mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Hausa púpọ̀, Yorùbá díẹ̀. Màmá ti gbọ́ Hausa dáadáa kí a tó bí èyíkéyìí nínú wa. Ó fetí sílẹ̀, ó ń mi orí. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ìdílé orí òkè yẹn ní ìyá àgbà. Ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní. Ó béèrè bóyá ìyá àgbà yẹn wà níta pẹ̀lú wọn nínú òjò. Ọmọ mi ní rárá, kò sí níbẹ̀.

"Inú ilé ló wà nìyẹn," ni Màmá wí.

Ọmọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, èyí tí kì í sábà ṣe. Ó ní lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, ṣáájú kí a tó ra sídì yẹn, òun dé láti ilé-ìwé, òun sì gbọ́ tí Kaka ń lu ilẹ̀kùn láti inú, tí wọ́n ń pe orúkọ gbogbo wa. Kaka ló máa ń pe ìyá mi, bí àwọn ọmọ Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kò wọlé, òun ń kì í bọ̀ ọ́, kò wọlé, òjò sì ń rọ̀. Ó pẹ́ kó tó ṣí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Màmá kò rántí ọjọ́ náà. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wo àwọn àlejò tó jókòó pẹ́.

"Ta ló ń tì mí mọ́lé?"

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wúkọ́. Alhaja ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Èmi tí mo lè túmọ̀ ohunkóhun, kọ́kọ́rọ́ orí tábìlì ni mo tẹjú mọ́.

"Ẹ má fún ọmọ yìí ní kọ́kọ́rọ́ mọ́," ni Màmá wí. "Ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀."

Mo ní, "Màmá, ẹ ó tún gba ọ̀nà Ọ̀fà lọ ni."

"Bí mo bá lọ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ilé bàbá yín ni?"

Alhaja ní kí Màmá kúkú máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Malali, pé ààyè pọ̀, mẹ́gádì sì wà lẹ́nu géètì. Màmá bi í pé ta ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní mẹ́gádì ni. Màmá ní kí ó bá òun kí mẹ́gádì.

Ní ọjọ́ kejì, a kò tilẹ̀kùn. Mo bẹ obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé wa kó bá wa máa yọjú, mo bẹ oníkósé tó wà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò, mo bẹ mẹkáníìkì tó wà nítòsí rẹ̀. Mo wá lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ewì, n kò sì mọ ohun tí mo sọ fún wọn. Mo dá wọn sílẹ̀ kí àkókò tó pé, mo gun ọ̀kadà wálé.

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Fúláàsì wà níbi tí a gbé e sí, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Màmá kò sí nínú yàrá, kò sí lẹ́yìnkùlé. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, ó ní kó tó gbé omi àlùwàlá, Màmá ṣì jókòó síwájú ilé. Mo sáré jáde sí ojú ọ̀nà, n kò sì mọ apá ibi tí ǹ bá kọ́kọ́ yà sí.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí nígbà tí mo rí wọn lókèèrè. Màmá wé gèlè tó máa ń wé bó bá ń lọ sóde, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi gbé báàgì ilé-ìwé kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, n kò sì lè sọ ẹni tó ń fa ẹnì kejì bọ̀.

Mo bi ọmọ mi pé níbo ló ti rí Kaka. Ó ní lẹ́nu géètì ilé-ìwé. Ojú ọ̀nà gáréèjì ni ilé-ìwé náà wà. Mo bi Màmá bóyá ọmọ ni wọ́n lọ dúró dè, àbí ọkọ̀ ni wọ́n ń lọ wọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

"Ọkọ̀ wo? Ọ̀fà ni mo ti ń bọ̀ yìí."

Mo yíjú sí ọmọ mi. Ó fọwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Hausa pé kí n dá Kaka lóhùn.

Mo ní, "Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ṣé dáadáa ni wọ́n wà?"

"Dáadáa ni wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí ọ." Ó jókòó sórí pèpéle, ó bọ́ bàtà. "Ẹ fún ọmọ yìí lóúnjẹ, ó ti rìn jìnnà."

Mo wọlé lọ gbé fúláàsì.