Ẹni Tó Ń Wúkọ́ Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Òórùn gúgúrú gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi lọ́kàn, lẹ́yìn náà ni ariwo òjò lórí páànù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ gba yàrá kan ní Ìlódè nígbà náà. A ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ ni à ń wá kiri. Àfẹ́sọ́nà ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìrèmọ, máa ń wá kí wa ní gbogbo Sátidé. Ní Sátidé tí mo ń sọ yìí, ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí àwọn ẹbí ọkọ lọ mọ àwọn ẹbí ìyàwó. Ìyá ọ̀rẹ́ mi tilẹ̀ ti gba aṣọ tó máa wọ̀ lọ́wọ́ télọ̀.

Iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọbìnrin náà sì ti ra gúgúrú àti ẹ̀pà bọ̀ láti Ẹnuwá. Ọ̀rẹ́ mi fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, ó ní fíìmù adẹ́rùbani kì í dùn nínú ìmọ́lẹ̀. Èmi tí n kò gba iwin gbọ́ gbé àga mi sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé atẹ́gùn ni mò ń wá.

Nínú fíìmù náà, tọkọtaya kan kó lọ sí ilé kan lẹ́yìn ìlú. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ohùn kan á máa pe orúkọ ọkọ láti ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó ní kó má dáhùn. Ọkọ dáhùn, ó mú àdá, ó jáde, kò sì wọlé mọ́. Níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí fúnra rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi figbe ta, gúgúrú dà sílẹ̀, ó sì kó sẹ́yìn àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bí òròmọdìẹ tó rí àṣá.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Baálé mi,” ó ní, “ṣé kí n gbé ẹ pọ̀n ni?”

Ọ̀rẹ́ mi dá fíìmù náà dúró. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rù kò ba òun, pé ariwo ló dá òun níjì. Ó ní ọkọ inú fíìmù yẹn ṣe ohun tó yẹ ọkùnrin. “Àbí ta ni ìwọ fẹ́ kó jáde? Ìyàwó?”

“Kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ṣé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ pé èèyàn kì í jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni? Ìtìjú ló pa á. Kò fẹ́ kí ìyàwó òun mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun.”

“Obìnrin kọ́ ló máa sọ ìgbà tí ọkùnrin máa jáde.”

“Tó bá jẹ́ ilé tiwa ńkọ́? Tí mo bá bẹ̀ ẹ́ pé má lọ?”

“Màá lọ.”

“Tí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́?”

“Ẹ̀rù kì í ba ọkùnrin.”

Wọ́n yíjú sí mi láti dájọ́. Inú mi dùn, nítorí mo ka ara mi sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ wọ̀n dáadáa. Mo ní lákọ̀ọ́kọ́, fíìmù náà kò sọ fún wa bóyá ọkùnrin yẹn ì bá yè ká ní ó jókòó sílé. Mo ní lẹ́yìn èyí, àwọn àgbà sọ pé bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bó ṣe rí lára ọkùnrin náà lẹ́yìn tí ejò kú. N kò tíì dé ibi kẹta tí ọmọbìnrin náà fi ń wá bàtà rẹ̀.

“Ìwọ,” ó wí fún mi, “kí o tó wọ̀n ọ́n tán, ejò á ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.” Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. “Sọ fún wọn nílé kí wọ́n má tíì wá ní Sátidé. Èmi ò lè bá ẹni tí ẹ̀rù kì í bà gbélé. N ò ní mọ ìgbà tó yẹ kí n ràn án lọ́wọ́.”

Bàtà kan ló tíì wọ̀ nígbà tí ìyá onílé wọlé pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà tó ń ṣà lọ́wọ́. Opó ni, yàrá rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa. “Ta ló ké bí ẹni tí àkeekèé ta?”

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. “Ẹ káàsán, mà. Òun ni, mà.” Ìyá onílé wo ojú ọ̀rẹ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ tó ní bàtà àti èyí tí kò ní. Ó ní kí a rojọ́. Nígbà tí a rò ó tán, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

“Ọkọ mi ga tó ilẹ̀kùn yìí,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ̀rù òkùnkùn máa ń bà á. Tí nǹkan bá ró lẹ́yìnkùlé, èmi ni mò ń gbé àtùpà jáde. Òun á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa wúkọ́. Ikọ́ ńlá, tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Olè tó bá gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò bẹ̀.”

“Àwọn ará àdúgbò mọ̀, mà?” ọmọbìnrin náà béèrè.

“Kí ló kàn wọ́n? Akọni ni wọ́n ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun ni mo mọ̀ pé mo ti rí ọkọ fẹ́.” Ó ju òkúta kan nù láti inú ẹ̀wà. “Mo ṣì ń gbé àtùpà jáde. Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ mọ́.”

Ó dìde, ó sì jáde. Òjò ṣì ń rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tẹjú mọ́ gúgúrú tó dà sílẹ̀.

“Níbi tí ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí,” ó ní, “ẹ̀rù bà mí.”

“Mo mọ̀.”

“Ó ṣì ń bà mí.”

Ọmọbìnrin náà bọ́ bàtà kan tó wọ̀, ó jókòó tì í, ó sì ní kó jẹ́ kí fíìmù náà máa lọ.

Wọ́n ti di tọkọtaya báyìí. Nígbà tí mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí, nǹkan ṣubú lẹ́yìnkùlé wọn. Ìyàwó mú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wúkọ́ ńlá kan, ó sì ń bá ìtàn tó ń sọ fún mi lọ. Ewúrẹ́ ni.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ ìyá onílé yẹ̀ wò láti ìhà gbogbo. Ilé kan kò tó láti fi dájọ́ fún gbogbo ilé, ó sì ṣeé ṣe kó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i nítorí àwọn ọmọ méjì tó fẹ́ tú ká. Èmi nìkan ni mò ń gbé yàrá mi báyìí. Nírọ̀lẹ́ àná, nǹkan kan já lulẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Mo lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ ikùn, bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo wúkọ́ tán ni mo rántí pé kò sí ẹni tó gbé àtùpà jáde.